Ọwọ́ Aṣojú, Ìmọ̀ Oníṣẹ́: Ìwé Àṣẹ Aṣojú fún Ilé-iṣẹ́ Apakòkòrò

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba fún àwọn oníṣẹ́ apakòkòrò àti àwọn ẹbí wọn, ní Ìbàdàn)

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: bí ọ̀gá kò bá sí nílé, ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ibo sì ni àṣẹ ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ? Ọ̀gá lè lọ sí Manchester lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ. Ó lè lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n lè dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn UCH fún oṣù méjì. Eku kò ní tìtorí ìyẹn dá ọwọ́ dúró ní sítọ́ọ̀ oníbàárà, ikán kò sì ní sinmi. Ilé ìtura tó fún un ní iṣẹ́ oṣooṣù yóò máa retí àwọn ọmọ rẹ̀, báńkì yóò máa béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí sọ̀wédowó, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa wojú ẹni tí yóò san owó oṣù.

Èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Àbúrò mi wà ńlẹ̀, yóò máa bá mi mójú tó o." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báńkì kò mọ àbúrò ẹni. Ọ́fíìsì owó orí kò mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tó jẹ gbèsè pàápàá, ọjọ́ tí a bá lọ sin owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé ni gbogbo wọn mọ̀. Ìwé náà ni àwọn lọ́yà ń pè ní páwà-ọfu-atọ́nì, èmi yóò sì máa pè é ní ìwé àṣẹ aṣojú.

Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ni ẹ̀ ń tà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ì bá má gùn. Ẹni tó ta aṣọ tí kò dára, owó ni yóò dá padà. Májèlé ni ẹ̀yin fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo hóró aluminium phosphide, tí ẹ mọ̀ dáadáa. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, gáàsì phosphine ni yóò máa tú jáde lára rẹ̀. Gáàsì yẹn kò mọ ibi tí yàrá ẹnì kan pin sí. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba ihò wáyà iná, ó ń gba òkè àjà kọjá lọ bá àwọn tó ń sùn ní yàrá kejì. Kò ní ẹ̀rọ̀: bí ó bá ti wọ inú ènìyàn, gbogbo ohun tí dókítà lè ṣe ni kí ó máa ran èémí àti ọkàn aláìsàn lọ́wọ́, kí ara fúnra rẹ̀ sì jà. Nínú ilé olójúlé mẹ́fà, ẹni tó bá lo hóró yẹn láìmọ̀ ọ́n lò ti fi ẹ̀mí ìdílé mẹ́fà ta tẹ́tẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, tí n kò sì ní kúrò lórí rẹ̀ títí n ó fi jókòó: ẹ lè fi ìbuwọ́lùwé yín rán ènìyàn, ẹ kò lè fi ìmọ̀ yín rán an. Ìwé àṣẹ tí a bá kọ bí ẹni pé ohun kan náà ni méjèèjì, ewu ló jẹ́ fún ẹni tó kọ ọ́, ó sì jẹ́ ewu fún ẹni tó kàn ń gbé ní yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òfin sọ. Ní ọdún 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà là á yé wa pé ìwé àṣẹ aṣojú kì í ṣe ìwé ìtajà, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀bùn. Ìránniníṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ni olóhun, aṣojú kàn ń ṣe ohun tí olóhun fúnra rẹ̀ lè ṣe lábẹ́ òfin, ní orúkọ olóhun. Ọ̀rọ̀ dúkìá ilé àti ilẹ̀ ló bí ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nínú rẹ̀ kan ilé-iṣẹ́ yín gan-an.

Ó kàn yín lọ́nà méjì. Lọ́nà kìíní, ohun tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò láṣẹ láti ṣe, kò lè fún ẹlòmíràn láṣẹ rẹ̀. Ẹni tí ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá kò lè jí i dìde nípa kíkọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú ìwé lọ́yà. Lọ́nà kejì, ẹ̀bi kò bá àṣẹ lọ. Bí aṣojú bá rán ọmọ kan lọ fín oògùn sí ilé ìdáná báńkẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ náà kò bo oúnjẹ, tí àwọn àlejò ìgbéyàwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ọ̀gá tó wà ní Manchester ni wọn yóò pè lẹ́jọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára mọ́tò tó gbé oògùn wá. Kò ní lè sọ fún adájọ́ pé òun ti fún ẹlòmíràn láṣẹ, òun kò sí nílé. Àṣẹ yẹn gan-an ni olùpẹ̀jọ́ yóò fi hàn pé ọ̀gá ló rán an.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, tó sì tún takò ó: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi làákàyè kún un, kí ó wo ojú ọ̀run, kí ó tún iṣẹ́ náà ṣe bí ó bá rí i pé ẹni tó rán òun ṣì í rán. Mo fẹ́ irú aṣojú bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í ka ìwé àṣẹ báyẹn. Ohun tí ẹ kọ ni wọn yóò kà, ohun tí ẹ kò kọ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ pé kí ó máa "gba owó", tí ó wá lọ "yá owó", báńkì tó yá a lówó yóò rí i pé kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Bí ẹ bá sì kọ pé kí ó máa ṣe "ohun gbogbo", kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ tí ó bá ṣe ohun gbogbo.

Ìyẹn ni mo fi kórìíra ìwé àṣẹ gbogbogbòò fún iṣẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ó rọrùn. Lọ́yà tó bá ń kánjú yóò fà á yọ nínú kọ̀ǹpútà, yóò pààrọ̀ orúkọ, ó parí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ apakòkòrò nílò ìwé tí a jókòó kọ. Kí ó dárúkọ báńkì tí aṣojú lè bá ṣe, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó sọ pé ó lè gba gbèsè, pé ó lè san owó oṣù, owó ilé àti owó orí, pé ó lè fọwọ́ sí iṣẹ́ tí iye rẹ̀ kò kọjá báyìí. Bí ẹ bá máa ń du iṣẹ́ ìjọba lábẹ́ òfin ìgbaṣẹ́ṣe ti ọdún 2007, bóyá iṣẹ́ ilé ìwòsàn tàbí ti họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀ gedegbe, nítorí pé àwọn tó ń gba ìwé ìdíje máa ń béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó fọwọ́ sí i láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ìwé sọ ohun tí aṣojú kò gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó má ta ilé-iṣẹ́, kí ó má fi í dúró fún gbèsè ẹnikẹ́ni, kí ó má fi ẹ̀rọ tàbí mọ́tò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kí ó má sì fi àṣẹ náà rán ẹlòmíràn.

Ohun kan wà tí àwọn lọ́yà kì í sábà rántí, nítorí pé wọn kì í ṣe oníṣẹ́ yín. Ohun náà ni gàráńtì ikán, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ bí iṣẹ́ ikán ṣe rí. Kí a tó da kọnkéré sílẹ̀, a ó da oògùn sí ilẹ̀ ìpìlẹ̀, kí ó lè di odi láàárín ikán àti igi òrùlé. Bí odi yẹn yóò ṣe pẹ́ tó wà lọ́wọ́ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, irú oògùn tí a lò, bí a ṣe pò ó, àti bóyá omi ń dúró lẹ́yìn ilé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó wà lọ́wọ́ onílé. Bí onílé bá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan láti ri páìpù omi, tàbí tó fa yàrá kan mọ́ ẹ̀yìn ilé, ó ti la ọ̀nà fún ikán. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ mọ èyí, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé gàráńtì: bí o bá gbẹ́ ilẹ̀ láìsọ fún wa, a ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ wa. Àmọ́ aṣojú tó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì nígbà kan, tó mọ owó kà, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ máa wọlé, yóò rí oníbàárà tó ń fà sẹ́yìn, yóò wá fi gàráńtì fà á mọ́ra. Yóò kọ ọdún mẹ́wàá. Yóò kọ pé ikán kan ṣoṣo kò ní yọjú. Yóò fọwọ́ sí i ní orúkọ yín, ìbuwọ́lùwé náà yóò sì dè yín, nítorí pé ẹ ti kọ pé ó láṣẹ láti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àjà ilé olówó yóò wó lé orí àga olówó, ẹ̀yin ni yóò sì máa pè.

Mo rọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí aṣojú kankan láṣẹ láti kọ gàráńtì tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti tẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. Ẹ so fọ́ọ̀mù gàráńtì yín mọ́ ẹ̀yìn ìwé àṣẹ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kàn ìmọ̀ wàyí. Ní tèmi, ilé-iṣẹ́ apakòkòrò tí ọ̀gá rẹ̀ ń rìnrìn àjò nílò ènìyàn méjì: ọ̀kan tí yóò di ọwọ́ owó àti ìwé mú, ọ̀kan tí yóò di oògùn mú. Ẹni kejì yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ oníṣẹ́ tó kọ́ iṣẹ́, tí àwọn aláṣẹ ìmọ́tótó àyíká mọ̀ sí i, tó lè dá wolé-wolé lóhùn bí ó bá wọlé wá béèrè ohun tí a fín, ìgbà tí a fín in, àti wákàtí mélòó tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn fi dúró síta. Ìwé àṣẹ ti aṣojú owó gbọ́dọ̀ sọ kedere pé kò lè gba iṣẹ́ tó ní gáàsì nínú, kò sì lè ra kẹ́míkà kankan, àyàfi bí oníṣẹ́ yìí bá fọwọ́ sí i lórí bébà.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ríra kẹ́míkà ni pé òfin rẹ̀ ń yí padà, ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ kò sì ní mọ̀. Àjọ NAFDAC gbógun ti àwọn ìgò kékeré Sniper ní ọdún 2019, wọ́n ní kí dichlorvos inú ìgò kéékèèké kúrò lórí àtẹ, nítorí pé àwọn ènìyàn ń mu ún, àwọn mìíràn sì ń fi í sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n fi òfin de paraquat. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó kan atrazine. Oògùn apakoríko ni méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ló máa ń bá àwọn oníbàárà pa koríko yí ilé wọn ká, nítorí náà ó kàn yín. Aṣojú owó tó bá dé ọjà kẹ́míkà ní Ọjọ́tà, tó rí jálá kan tí wọ́n ń ta ní ìdajì owó, inú rẹ̀ yóò dùn pé òun bá ọ̀gá òun ṣọ́ owó ná. Kò mọ̀ pé ọjà tí òfin ti lé kúrò nílùú ni òun gbé wọ sítọ́ọ̀ ọ̀gá.

Èyí tó tún bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí aṣojú owó lè kọ̀ láti rà. Ibọ̀wọ́ wọ́n. Ìbòmú tó ní àlẹ̀mọ́ tó ń sẹ́ gáàsì wọ́n gan-an, àlẹ̀mọ́ rẹ̀ sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń pin. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, ìnáwó lásán ni wọ́n jọ. Ẹ wo Òwò àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa ti ń dá àwọn ènìyàn láàmú ní ọdọọdún. Eku ló ń gbé àrùn náà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ràn. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá rán lọ pa eku ní sítọ́ọ̀ àgbàdo níbẹ̀, tó fi ọwọ́ lásán ṣa òkú eku, tàbí tó fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ìgbẹ́ wọn títí eruku fi sọ, ó ti fi ara rẹ̀ wewu nítorí owó ibọ̀wọ́. Nítorí náà, kí ìwé àṣẹ ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ohun ààbò, iye tí aṣojú owó kò ní agbára láti dín kù. Kí oníṣẹ́ oògùn sì ní àṣẹ láti sọ pé, "Rárá, a kò ṣe iṣẹ́ yìí," láìsí pé ẹnikẹ́ni lè torí ẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá tó gbọ́.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ìyàsọ́tọ̀ yìí sílẹ̀. Ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi Houston ṣe ilé, fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ aṣojú wà nínú òfin ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ìlà kan sì wà nínú rẹ̀ fún ìṣàkóso òwò. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìlà yẹn ti fún aṣojú ní agbára lórí òwò rẹ̀. Síbẹ̀, òfin mìíràn ní ìpínlẹ̀ kan náà sọ pé ilé-iṣẹ́ apakòkòrò gbọ́dọ̀ ní oníṣẹ́ kan tó ti yege ìdánwò, tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba, tí yóò dáhùn fún lílo oògùn. Fọ́ọ̀mù aṣojú kò sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́ yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé ó kọ́ ọ kò lè ra hóró aluminium phosphide, ìwé àṣẹ yòówù kí ó mú wá.

Mo fẹ́ bá àwọn tó ti sọ òwò wọn di kọ́ńpínnì sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Lábẹ́ òfin kọ́ńpínnì (CAMA) ti ọdún 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpínnì aládàáni sílẹ̀, púpọ̀ nínú yín sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ rántí pé kọ́ńpínnì náà ti di ènìyàn mìíràn lójú òfin. Ìwé àṣẹ tí ẹ bá kọ ní orúkọ ara yín kò fún aṣojú lágbára lórí àkáǹtì kọ́ńpínnì. Kọ́ńpínnì ni yóò fún un, nípasẹ̀ ìpinnu àwọn olùdarí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ipò olùdarí kì í ṣe ohun tí a lè fi ìwé àṣẹ yá ènìyàn, kí ó wá jókòó sí àga yín nínú ìpàdé. Bí ẹ bá nílò olùdarí kejì, ẹ yan olùdarí kejì. Ẹni tí òwò rẹ̀ jẹ́ orúkọ òwò lásán lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, òun àti òwò rẹ̀ ṣì jẹ́ ènìyàn kan náà. Ìwé àṣẹ tirẹ̀ rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n gbèsè òwò lè wọ inú ilé tó ń gbé.

Lórí bí a ṣe ń fọwọ́ sí i: bí aṣojú yóò bá fọwọ́ sí ìwé tí òfin ní kí a fi èdìdì dì, gẹ́gẹ́ bí ìwé háyà sítọ́ọ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ìwé àṣẹ tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní èdìdì. Ẹjọ́ Abina àti Farhat ti ọdún 1938 ti fi ìyẹn múlẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Ẹni tí kò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà, kí ẹni tó bá a kọ ọ́ kà á sí i létí ní Yorùbá, kí ó túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi yé e, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀; òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé béèrè rẹ̀. Ẹ san owó sítáǹbù. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fọwọ́ sí i níwájú nọ́tárì tàbí májísíréètì. Bí ẹ bá ti wà ní òkèèrè, ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà ni kí ẹ lọ. Abala 150 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ilé ẹjọ́ yóò gbà pé ìwé àṣẹ tí a fọwọ́ sí níwájú irú àwọn wọ̀nyí jẹ́ ojúlówó, àyàfi bí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀rí òdì hàn. Kí ẹ tó lọ, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ fún báńkì yín, kí ẹ sì bá wọn kọ fọ́ọ̀mù tiwọn. Báńkì tó kọ́kọ́ rí ìwé lọ́jọ́ tí aṣojú wá gba owó yóò ní kí ó lọ, kí ó padà wá.

Ẹ wá gbọ́ ti gbígba àṣẹ padà. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe írésà. Ìwé àṣẹ lásán, ẹ lè fagi lé e nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n fífagi lé e nínú ọkàn yín kò tó, kò sì tó kí ẹ bá aṣojú jà lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún aṣojú, ẹ fún báńkì, ẹ fún àwọn oníbàárà ńlá àti àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún yín láwìn. Ẹni tí kò gbọ́, tó ṣì ń bá a ṣòwò tọkàntọkàn, òfin lè dáàbò bò ó lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún gbólóhùn tó sọ pé ẹ kò lè gba àṣẹ náà padà. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882 tí Èkó jogún, àti nínú òfin dúkìá ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ti ọdún 1959, bí a bá fún ènìyàn ní àṣẹ nítorí owó tó san, tí ìwé sì sọ pé kò ṣeé gbà padà, ikú yín pàápàá lè má mú un kúrò. Bí ó bá jẹ́ láìsí owó, tí ẹ sì kọ pé kò ṣeé gbà padà fún àkókò kan, àkókò náà kò gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ. Ayánilówó tó bá fi irú gbólóhùn yìí síwájú yín, ẹ má fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé lọ́yà tiyín, tí kì í ṣe tirẹ̀, ti kà á.

Àìsàn tó ń mú iyè lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dùn mí láti sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń fi àyà gba atẹ́gùn organophosphate fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí oògùn yẹn bá dà láàmú gidigidi lè wà láàyè kí ó má lè sọ̀rọ̀, kí ó má sì mọ ẹni tó dúró tì í. Ìwé àṣẹ lásán ń kú ní kété tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti pàdánù òye rẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni àkókò tí ẹbí nílò rẹ̀ jù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá ojútùú sí i: òfin ọdún 2005 wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, gba ènìyàn láyè láti kọ ìwé àṣẹ tí kì í kú bí òye bá lọ, bí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ apakòkòrò ní London àti Birmingham, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kọ tiwọn nísinsìnyí tí ara wọn dá. Níbí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò tíì sí lọ́wọ́ wa fún òwò. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Agodi àti Aláúsá gbé e yẹ̀ wò, mo sì ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Kí wọ́n tó ṣe é, kọ́ńpínnì tó ní olùdarí méjì ni ààbò tó súnmọ́ wa jù, nítorí bí ọ̀kan bá ṣubú sí àìsàn, ìkejì ṣì lè fọwọ́ sí ìwé.

Ó kù ti ikú. Ní ọjọ́ tí olówò bá jáde láyé, àṣẹ aṣojú lásán parí ní wákàtí yẹn, ìbáà ṣe pé ó ti mú sọ̀wédowó dání lọ sí báńkì. Báńkì yóò ti àkáǹtì náà pa nígbà tó bá gbọ́, yóò sì ní kí ẹbí lọ gba ìwé ìṣàkóso ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Ìyẹn lè gba oṣù púpọ̀. Dáwódù lè dìde nínú ẹbí, ó sì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lórí ilé àti ilẹ̀ baba láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ti ọdún 1908 ní Èkó mẹ́nu kàn án. Ṣùgbọ́n kò sí dáwódù tí báńkì yóò sanwó fún láìní ìwé.

Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, sítọ́ọ̀ wà níbẹ̀. Kẹ́míkà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹbí yóò ṣí i láti wo ohun tí bàbá fi sílẹ̀, ẹnì kan yóò gbé jálá kan lọ sílé, ẹlòmíràn yóò da ìyókù sí inú gọ́tà kí wọ́n lè háyà ibẹ̀. Ìwé àṣẹ kò lè dènà èyí, nítorí pé ó ti kú. Ohun tó lè dènà rẹ̀ ni ìwé tí ẹ bá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìhágún yín: orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan tó wà ní sítọ́ọ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ tó ń kú, ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, àti orúkọ oníṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kí a tó ṣí ilẹ̀kùn náà. Ẹ máa tún un kọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ lọ́yà, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ yín, kí a sì lẹ ẹ̀kẹta mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.